Ìṣẹ́jú Kan Lórí Àpótí

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni akànṣẹ́ fi ń jà, ìṣẹ́jú kan ló fi ń sinmi lórí àpótí, agogo á sì tún lù. Ètò yìí ti wà láti ìgbà tí òfin Queensberry ti jáde ní 1867, òun náà ṣì ni àwọn ọkùnrin tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun ń tẹ̀ lé dòní. Inú ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi ń jókòó yẹn gan-an ni mo rò pé àríyànjiyàn àwọn kóòṣì fìdí sí, bí wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀: ṣé eré ọ̀nà jíjìn ni kí ọmọ máa sá ní ìdájí, àbí eré àsásinmi, ìyẹn kí ó fi gbogbo agbára sá fún ìgbà díẹ̀, kí ó dúró mí, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn ìjà ẹ̀ṣẹ́ l'Ékòó. Àwọn àgbà gbà pé ẹni tí kò bá lè sáré wákàtí kan gbáko láìdúró kò tíì ṣetán. Àwọn ọ̀dọ́ ń dá wọn lóhùn pé eré gígùn ń mú ẹsẹ̀ lọ́ra, pé kò sẹ́ni tó ń fi ìrìn pẹ̀lẹ́ jà. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà wo ibi tí ó yẹ kí wọ́n wò.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìjà kan tí ọ̀pọ̀ wa rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2017, Anthony Joshua, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, kojú Wladimir Klitschko ní pápá Wembley nílùú London, níwájú nǹkan bí 90,000 èèyàn. Ọmọ ọdún 27 ni Joshua, Klitschko ti pé 41. Ìjà 18 ni Joshua ti jà ṣáájú, kò sì sí ọ̀kankan tó kọjá ráúńdì keje. Ní ráúńdì karùn-ún, ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbé Klitschko ṣubú. Nígbà tí ìyẹn dìde, Joshua da gbogbo ohun tó wà lápá rẹ̀ bò ó kí ìjà lè parí síbẹ̀. Kò parí. Kí agogo tó lù, apá Joshua ti wúwo, ó ń mí gúlegúle, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nílẹ̀ ló wá ń fi ẹ̀ṣẹ́ lé e kiri. Ní ráúńdì kẹfà, Joshua náà balẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo máa ń rò jù. Láti ráúńdì keje títí dé ìkẹwàá, kò yára mọ́, kò sì fi agbára ṣòfò. Ó ń rìn, ó ń dáàbò bo ara rẹ̀, ó ń lọ jókòó, ó ń mí, ó sì ń dìde. Nígbà tó di ráúńdì kọkànlá, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kan ti ìsàlẹ̀ wá, ó gba àgbọ̀n Klitschko. Klitschko ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nínú ráúńdì náà kí rẹfirí tó dá ìjà dúró. Ẹ̀ṣẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn yìn. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tó dá agbára rẹ̀ padà láàárín ráúńdì mẹ́rin ni èmi yìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Agbára ojú ẹsẹ̀ kan wà nínú iṣan tí a fi ń ju ẹ̀ṣẹ́ tó le. Bí èèyàn bá lò ó tagbára-tagbára, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Gbèsè ni: apá ló ń yá a, èémí ló ń san án. Ní 2014, àwọn olùwádìí gbé àbájáde kan jáde lórí ìjà àwọn tí kì í jà fún owó, ráúńdì mẹ́ta oníṣẹ́jú méjì-méjì, wọ́n sì rí i pé ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí wọ́n ná ló ti ọ̀dọ̀ èémí wá. Ojú wa ń rí ẹ̀ṣẹ́ tó ń já bí òjò, a sì rò pé apá nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ní kí a pa eré ojú títì tì. Eré pẹ̀lẹ́ tó gùn máa ń mú kí ọkàn lè ta ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń mú kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tínínní pọ̀ sí i nínú iṣan. Wọ̀nyí ló ń san gbèsè lórí àpótí.

Ṣùgbọ́n àṣà eré gígùn tí a jogún yìí ní ìgbà tirẹ̀, ìyẹn ìgbà tí ìjà ṣì gùn. Nígbà tí Dick Tiger gba Gene Fullmer lálejò ní pápá ìṣeré Liberty n'Íbàdàn lóṣù kẹjọ ọdún 1963, ìjà ráúńdì 15 ni wọ́n dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn ìkeje ni àwọn ará Fullmer jáwọ́. Ráúńdì 15 náà ni Muhammad Ali ń múra sílẹ̀ fún nígbà tó ń sáré létí odò Congo ní 1974. Lẹ́yìn tí Duk Koo Kim kú nítorí ìjà tó jà ní Las Vegas lóṣù kọkànlá ọdún 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù sí 12. Ọmọ wa tó ń lọ sí ìdíje àwọn tí kì í jà fún owó ńkọ́? Ráúńdì mẹ́ta oníṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta péré ni tirẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, kò sí àyè láti máa fi ọgbọ́n sinmi. Eré wákàtí kan lójoojúmọ́ kò lè kọ́ ọ ní ìyára tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Àwọn olólùfẹ́ eré àsásinmi fẹ́ràn láti dárúkọ Izumi Tabata ará Japan. Ní 1996, ó fi hàn pé kí èèyàn fi gbogbo agbára wa kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ó sinmi fún 10, lẹ́ẹ̀meje tàbí lẹ́ẹ̀mẹjọ, ń mú èémí pọ̀ sí i, ó sì fi nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára tí kò gbára lé èémí. Àwọn tó fi wákàtí kan wa kẹ̀kẹ́ pẹ̀lẹ́ rí èrè èémí, wọn kò rí ti ìkejì. Òótọ́ ni. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ náà kì í sọ ni pé lọ́jọ́ kan nínú ọjọ́ márùn-ún ọ̀sẹ̀, àwọn tí Tabata fún ní àsásinmi náà ń wa kẹ̀kẹ́ pẹ̀lẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Emil Zátopek náà wà ńbẹ̀, ẹni tó gba ẹ̀bùn wúrà eré 5,000 mítà, 10,000 mítà àti máratọ́ọ̀nù ní Helsinki ní 1952: eré 400 mítà léraléra, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ láàárín, ló fi kọ́ ara rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn.

 

Bó bá jẹ́ èmi, oṣù àkọ́kọ́ ìmúrasílẹ̀ á jẹ́ ti eré pẹ̀lẹ́, lórí ilẹ̀ tó rọ̀ bí a bá rí i, nítorí ọ̀dà títì ń ba ojúgun jẹ́. Bí ìjà bá ti ń sún mọ́lé, màá dín in kù, màá fi eré àsásinmi rọ́pò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ní líle, ìṣẹ́jú kan ní ìsinmi. Kí kóòṣì fọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà bí ráúńdì bá ti parí, kí ó ka bí ọkàn ṣe ń lù, kí ó sì tún kà á nígbà tí ìṣẹ́jú kan bá pé. Bí iye náà kò bá já wálẹ̀ dáadáa, kí ó dá ọmọ padà sójú títì. Bó bá ń já wálẹ̀, ṣùgbọ́n tí apá ọmọ ń lọ́ra kí agogo tó lù, eré àsásinmi ló kù sí i lọ́wọ́.