Ohun Tí A Ń Sọ Kí A Tó Wọ Inú Fáìlì

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí mo ṣe ń pẹ́ sí i nídìí Vim, irinṣẹ́ tí mo fi ń kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni òótọ́ inú òwe yìí ń yé mi sí i. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló mọ Vim. Wọ́n á tẹ orúkọ rẹ̀, wọ́n á fi orúkọ fáìlì tẹ̀ lé e, wọ́n á sì wọlé. Kò burú. Ṣùgbọ́n àyè kan wà láàárín orúkọ méjèèjì yẹn, níbi tí ènìyàn ti lè sọ ohun tó bá wá kí ó tó wọlé. Àyè yẹn ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ yẹ̀ wò.

Irinṣẹ́ yìí kì í ṣe ti òní. Bill Joy ló bẹ̀rẹ̀ vi, tí Vim jáde lára rẹ̀, ní Yunifásítì California ní Berkeley ní 1976, láyé ìgbà tí wáyà tẹlifóònù tó ń gbé ọ̀rọ̀ wá sójú kọ̀ǹpútà ń falẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá wọlé tán kó tó máa wá ibi tó ń lọ, ó dájú pé yóò pẹ́ níbẹ̀. Ní 1991 ni Bram Moolenaar, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé Vim jáde fún kọ̀ǹpútà Amiga. Ó pa ọ̀nà ìwọlé àtijọ́ mọ́, ó sì fi púpọ̀ kún un.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó rọrùn jù nínú àwọn àṣẹ tí a lè fi sí àyè náà. Bí ẹ bá tẹ vim +40 ṣáájú orúkọ fáìlì, orí ìlà ogójì gan-an ni ẹ ó balẹ̀ sí. Bí ẹ bá tẹ + nìkan, ìlà tó gbẹ̀yìn ni. Bí ẹ bá so +/ mọ́ ọ̀rọ̀ kan, ìlà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn ni yóò gbé yín lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ti sọ pé ìlà 312 ni àṣìṣe wà, kí la tún ń wá lọ sórí ìlà kìíní?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni -R. Ó ń sọ fún Vim pé kíkà la wá kà, a kò wá tún nǹkan kan ṣe. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì yí nǹkan padà, Vim yóò kìlọ̀. Bí ẹ bá ní kó fi pamọ́, yóò kọ̀, àfi tí ẹ bá fi àmì ìyanu tẹnu mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ ìdíwọ́ tó le jù bẹ́ẹ̀ lè lo -M, tí kò ní jẹ́ kí lẹ́tà kan yí padà rárá. Fáìlì tó ń darí kọ̀ǹpútà tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn gbójú lé, -R ló yẹ ká máa fi ṣí i, bí kò bá ṣe pé àtúnṣe la dìídì bá wá. Ẹni tó bá ti sọ lẹ́nu ọ̀nà pé wíwò ni òun wá wò, ìgbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ló ti pinnu. Nígbà tí ìkánjú bá dé, ìpinnu yẹn ni yóò gbà á sílẹ̀.

Ẹ má fi r kékeré pe R ńlá o. Ọjọ́ ìjàǹbá ni -r wà fún. Bí a ti ń kọ̀wé ni Vim ń tọ́jú iṣẹ́ wa sínú fáìlì mìíràn tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń parí sí .swp. Bí a bá ti tẹ nǹkan bí 200 lẹ́tà, tàbí tí ọwọ́ wa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 4, yóò tọ́jú rẹ̀. Níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná ti ń lọ láìdágbére bíi tiwa yìí, oore ńlá ni. Iná ti lọ nígbà tí mo wà láàárín ọ̀rọ̀. Nígbà tó padà dé, mo tẹ vim -r, mo fi orúkọ fáìlì náà tì í, iṣẹ́ mi sì yọjú. Kí ẹ ṣáà kọ́kọ́ ka ohun tó gbà padà dáadáa, kí ẹ fi í pamọ́, kí ẹ tó pa .swp náà rẹ́.

Nígbà mìíràn, ẹrù tí a fọwọ́ ara wa dì ló ń wọ̀ wá lọ́rùn. A ó máa kó ètò sínú fáìlì vimrc, títí Vim yóò fi máa lọ́ra tàbí kó máa ṣe ségesège. Bí ẹ bá tẹ vim --clean, yóò wọlé láìwo ohun tí a kó jọ wọ̀nyẹn. Bí wàhálà náà bá lọ, a ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti wá. Ó yẹ ká máa yẹ ara wa wò báyìí kí a tó bú irinṣẹ́.

Ẹni tó bá sì tẹ vim lásán, láìsí fáìlì, láìsí àṣẹ kankan, yóò sábà rí ọ̀rọ̀ kan lójú kọ̀ǹpútà tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ran àwọn ọmọ tálákà lọ́wọ́ ní Uganda. Ní 1994, Moolenaar fi ọdún kan ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Kibaale ní ilẹ̀ náà. Ọ̀fẹ́ ni Vim, ṣùgbọ́n Moolenaar rọ ẹni tó bá jẹ àǹfààní rẹ̀ pé kó na ọwọ́ sí àwọn ọmọ ibẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ tẹ vim --help lónìí, kí ẹ ka ohun tó bá gbé jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀ tó bá iṣẹ́ yín mu, kí ẹ máa lò wọ́n títí wọn yóò fi mọ́ yín lọ́wọ́. Kí ẹ sì tó ṣí fáìlì tí kì í ṣe tiyín, ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ wá ṣe níbẹ̀.