Ṣé Ojú Tì Wọ́n?



Lóṣù tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi ti iléèwé dé níbí ní Ajégúnlẹ̀, ó bọ́ ìdè Ifá ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. Wọ́n ti sọ fún un pé àmì àwọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ni. Mi ò bínú sí i. Mo mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀.

Aládùúgbò wa kan, ará Ìbíní, ló yá mi ní ìwé R. H. Bacon, ọ̀gá ológun orí omi Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba Ìbíní ní Fẹ́búárì 1897. Ọdún yẹn náà ló tẹ̀wé, ó pe Ìbíní ní ìlú ẹ̀jẹ̀. Mo wá ojú títì nínú ìwé náà tì. Òórùn, ojúbọ àti ẹ̀jẹ̀ ṣáá ni.

Mi ò ní parọ́ fún yín, wọ́n fi ènìyàn rúbọ ní Ìbíní. Ṣùgbọ́n ní Nòfẹ́ńbà 1896, kí ogun tó dé rárá, Phillips tó jẹ́ adelé kọ́ńsọ́lù ti kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yọ Ọba Ovonramwen nípò, pé eyín erin inú ààfin á tó dí owó tí wọ́n bá ná. Ṣé ẹni tó ti ṣírò eyín erin sílẹ̀ ló ń bọ̀ wá gba ẹrú là?

Ọjọ́ pẹ́ tí mo fi ka ẹrù ní wáàfù Àpápá. Mo rí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mìíràn sára páálí kí ẹrù olè lè kọjá. Ìwé Bacon, orúkọ ara páálí ni. Lójú tèmi, ọkàn wọn dá wọn lẹ́bi; èébú òrìṣà ni wọ́n fi bò ó.

Kọ́pútẹ́ẹ̀nì Herbert Walker náà bá wọn lọ, ó sì kọ ohun tójú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Mark Walker, jogún agogo tí wọ́n fi ń pe àwọn babańlá, àti ẹyẹ idẹ kan. Ní 2014, ó fúnra rẹ̀ kó wọn padà fún Ọba Erediauwa. Ọdún 117 gbáko!

Mo sọ ọ́ fọ́mọ náà. Ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé agogo yẹn ṣì ń dún?"

Ìdè náà ṣì wà lórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé e pamọ́, mo ní kó fi í síbẹ̀.