Ahoro Ilé Baba Aragorn

Nínú The Fellowship of the Ring, ìwé tó ṣíwájú nínú mẹ́ta tí J. R. R. Tolkien fi sọ ìtàn òrùka burúkú nì, tó jáde ní 1954, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Weathertop. Ilé-ìṣọ́ gíga kan wà lórí rẹ̀ rí. Nígbà tí Frodo, ẹni tó gbé òrùka náà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi débẹ̀, ohun tó kù kò ju òkúta tó rún, tó to yíká orí òkè, tí koríko sì ti bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ahoro yìí ju gbogbo ààfin tó ṣì dúró nínú ìwé náà lọ, nítorí ọkùnrin tó mú wọn débẹ̀.

Aragorn ni. Àwọn hobbit, ìran èèyàn kúkurú tí Frodo ti wá, mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé inú aginjù ló ń gbé àti pé Gandalf, ọ̀rẹ́ Frodo, fọkàn tán an. Ta ni baba rẹ̀ gan-an, wọn ò mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń tọ ọ̀nà àtijọ́ kan lọ sídìí òkè náà, Merry, ọ̀kan nínú wọn, béèrè pé ta ló la irú ọ̀nà báyìí. Aragorn ní ọ̀nà odi ogun ni, láyé ìgbà tí ìjọba Àríwá ń bá Angmar, ilẹ̀ ọ̀tá rẹ̀, jà. Ó ní tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ti kọ́ ilé-ìṣọ́ sórí òkè yẹn, tí wọ́n ń pè é ní Amon Sûl, pé ó ga, ó sì lẹ́wà kí iná tó jó o. Ó ní Elendil dúró níbẹ̀ nígbà kan, ó ń retí Gil-galad, ọba àwọn Elf, láti ìwọ̀-oòrùn.

Elendil tó ń sọ yìí, baba ńlá rẹ̀ ni. Kò sọ ìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa, bí àgbàlagbà bá mú ọmọ gba ọ̀nà oko, tí wọ́n kan ògiri alámọ̀ tí òjò ti lù wó, kì í kọjá lásán. Á dúró, á ní ilé bàbá wa rè é, á sì ki onílé náà dé ibi tí oríkì rẹ̀ bá mọ. Aragorn sọ tirẹ̀ bí ẹni tó kà á nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òkè náà, àfikún tó wà lẹ́yìn ìwé kẹta, èyí tó jáde ní 1955, ló là á sílẹ̀. Nígbà tí Eärendur, ọba ìjọba Àríwá, kú, ní ọdún 861 nínú Sáà Kẹta ayé náà, àwọn ọmọ rẹ̀ ò lè fẹnu kò. Wọ́n pín ìlú baba wọn sí mẹ́ta: Arthedain, Rhudaur àti Cardolan. Òkè yìí wá bọ́ sẹ́nu ààlà. Inú ilé-ìṣọ́ náà ni palantír tó ṣe pàtàkì jù ní Àríwá wà, òkúta roboto tí èèyàn lè wò kó rí ibi tó jìnnà réré. Méjì yòókù ti wà lọ́wọ́ Arthedain, ni Rhudaur àti Cardolan bá ní àwọn ló kàn láti gba èyí. Ohun tí baba ńlá wọn gbé síbẹ̀ láti fi ṣọ́ ọ̀tá wá di ohun tí ọmọ ìyá ń tìtorí rẹ̀ ṣọ́ ara wọn.

Ọ̀tá wá dé. Ní 1409, ogun Ọba Oṣó ti Angmar yí òkè náà ká. Arveleg, ọba Arthedain, kú sójú ìjà. Wọ́n sun ilé-ìṣọ́ náà, wọ́n sì wó o palẹ̀. Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti Amon Sûl kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó yè gbé palantír náà sá dé Fornost ní Arthedain, ṣùgbọ́n ní 1975 ọkọ̀ tó gbé e rì sínú omi yìnyín Forochel, tòun ti Arvedui, ọba tó kẹ́yìn ní Àríwá. Gbogbo ìjà yẹn, ìsàlẹ̀ òkun ló gbé òkúta náà lọ.

Aragorn mọ gbogbo èyí. Àtọmọdọ́mọ Arveleg ni. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n pa baba rẹ̀. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é ní Rivendell, ibùgbé àwọn Elf tí wọ́n ti tọ́ ọ, kí ọ̀tá tó ń wá ìran Elendil má bàa gbọ́ nípa rẹ̀. Ó pé ọmọ ogún ọdún kí wọ́n tó sọ ẹni tó jẹ́ fún un. Tolkien fúnra rẹ̀, Bloemfontein ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n bí i sí ní 1892. Ibẹ̀ ni baba rẹ̀ kú sí ní 1896, nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ ti wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó mú un kọ Aragorn báyìí nìyẹn. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ mọ bí ó ti ń rí kí ibojì baba ẹni jìnnà síni.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú kòtò kan ní ẹ̀gbẹ́ òkè, Aragorn tún sọ ìtàn ìfẹ́ àtijọ́ ti Beren àti Lúthien fún wọn kí ìbẹ̀rù wọn lè fúyẹ́. Ìran tirẹ̀ náà tún nìyẹn, kò sì pè é ní tirẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn Ẹlẹ́ṣin Dúdú, àwọn tó ń lépa òrùka náà, dé. Olórí wọn ni Ọba Oṣó yẹn kan náà, ẹni tó jó ilé-ìṣọ́ yìí ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀jọ ọdún ṣáájú. Ó fi ọ̀bẹ gún Frodo ní èjìká òsì. Aragorn fò jáde láti inú òkùnkùn, igi tó ń jó lala lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Iná ni ọ̀tá yẹn fi ba ilé baba rẹ̀ jẹ́. Iná náà ni ọmọ fi kojú rẹ̀. Síbẹ̀ kò sọ fún àwọn hobbit pé ìjà ilé baba òun nìyí. Fíìmù tí Peter Jackson ṣe ní 2001 gbé ìjà náà lọ sórí òkè, láàárín ògiri àtijọ́ tó ṣì ga. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ahoro náà ti lọ́lá jù fún mi. Nínú ìwé, èèyàn lè jókòó lórí rẹ̀ kó má mọ̀ pé ilé-ìṣọ́ ni, àfi bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ṣàánú rẹ̀.

Nígbà tí Frodo ń padà sílé lọ́dún kejì, ọ̀nà yẹn ló tún gbà. Ó bẹ àwọn tó bá a rìn pé kí wọ́n ṣe kíá. Kò gbójú wo òkè náà rárá. Ó tẹrí ba, ó fa aṣọ ìlékè rẹ̀ mọ́ra, ó sì gun ẹṣin kọjá. Aragorn ti jọba nígbà náà. Ìwé náà sọ pé ó wá ní ilé sí Annúminas, létí adágún. N kò rí ibi tó ti sọ pé ó tún Amon Sûl kọ́. Ibẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ Arveleg. Ó jẹ́ ti Frodo pẹ̀lú, ẹni tí ọgbẹ́ ibẹ̀ kò san tán lára rẹ̀. Ká ní ó wu ọba láti tún ilé-ìṣọ́ náà kọ́, Frodo ni ǹ bá ní kó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí.