Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Omi Dù Mí

Ìkọgà, Badagry

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó Bọ́lá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì wù mí. Mo ti gbé e fún aránṣọ, mo kìlọ̀ fún un pé kó má fún mi lọ́rùn bíi ti ọjọ́sí. O rántí, àbí? Ẹ̀rín rẹ ò jẹ́ kí n gbọ́ ìwàásù.

Kí n tó wọ Ìbàdàn fún ìgbéyàwó náà, jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ òùngbẹ mi fún ọ. O mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá mi fínra tipẹ́. Ṣúgà wálẹ̀ tán, òùngbẹ ò lọ. Mò ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi kékeré sùn, mo sì ń dìde tọ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Àwọn àgbà ní kí n wò ó bóyá èèrà ń bo ìtọ̀ mi. Èèrà kankan ò yà síbẹ̀, ni wọ́n bá ní ara mi ti yá, kí n ṣáà dín omi kù!

Ilé ìwòsàn tó wà ní Ìdí-Àràbà ni wọ́n ti tú u wò. Wọ́n dá omi dúró fún mi fún wákàtí mélòó kan, wọ́n ń gbé mi sórí ìwọ̀n, wọ́n ń gba ìtọ̀ mi, ìtọ̀ ò sì dín. Ìgbà tí wọ́n fún mi ní oògùn desmopressin ló tó dín. Họ́mọ̀nù kan ló yẹ kó máa ti ọpọlọ wá sọ fún kíndìnrín pé kó dá omi padà sára. Tèmi ò tó mọ́. Àìsàn kejì nìyẹn, kò bá ṣúgà tan rárá, ó sì ṣọ̀wọ́n kí méjèèjì pàdé lára ẹnì kan.

Diabetes insipidus ni wọ́n ń pè é. Ní 2022, àwọn dókítà àgbáyé sọ ọ́ di arginine vasopressin deficiency, torí pé bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá ti gbọ́ diabetes, ṣúgà ni wọ́n ń wá kiri. Ní 2009, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 kan tó ní àìsàn yìí kú sí ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí wọn ò fún un ní desmopressin. Òùngbẹ gbẹ ẹ́ débi pé ó fi fóònù pe ọlọ́pàá láti orí ibùsùn rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, mo sunkún nígbà tí mo gbọ́.

Bí ìtọ̀ bá tún pọ̀, ìka ni mo kọ́kọ́ ń gún, kí n wo ṣúgà, kí n má lọ máa fi oògùn lé oògùn nígbà tó jẹ́ pé ṣúgà ló ń fa omi jáde. Bí mo bá sì ti lo desmopressin, ìwọ̀n òùngbẹ ni mo fi ń mumi. Omi àmujù lè lé iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kí orí máa fọ́ni, kódà kí gìrì gbéni. Insulin mi ńkọ́? Inú ìkòkò amọ̀ tó ní iyanrìn tútù ló ń gbé, torí iná ibí kò ṣeé gbára lé.

Jọ̀ọ́, yàrá tó sún mọ́ ilé ìtọ̀ ni kí o fún mi. Bí o bá rí i pé ara mi ò dá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba omi lọ́wọ́ mi. Gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn UCH, dárúkọ àìsàn méjèèjì fún wọn, kí o sì fi ìwé tó wà nínú pọ́ọ̀sì mi hàn wọ́n.

Kí Bọ́lá fún mi. Mò ń kó ẹja yíyan bọ̀, ṣé kí n fi àgbọn kún un?

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Ayọ̀