Níbo Ni Ooru Ìjàpá Ń Gbà Jáde?

Ìjàpá tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti inú àlọ́ o. Fòkísí-wágìnì ni, mọ́tò ribiti tí àwọn bàbá wa fi lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n fi gbé ìyàwó, tí wọ́n sì fi kó iṣu wálé láti oko. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, bàbá wa ló rà á ní 1972. Ní oṣù kejì ọdún yẹn gan-an ni iye Ìjàpá tí wọ́n ti ṣe kọjá 15,000,000, tó fi ya Ford Model T sílẹ̀ lẹ́yìn. Bàbá ti relé. Mọ́tò ṣì ń rìn.

Ooru rẹ̀ ló ń dá iyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, kò sì sí omi nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára, tí atẹ́gùn náà á sì gbé ooru jáde sísàlẹ̀, níbi tí páìpù èéfín wà. Ẹ̀gbọ́n mi rí àwọn mọ́tò eré ìje tí wọ́n fi aṣọ tí kì í jóná wé páìpù wọn. "Àbúrò, jẹ́ n fi ránṣẹ́ sí ọ, kí o wé e!" Wọ́n tún fẹ́ fi sàlẹ́ńsà aláriwo kan kún un.

Èmi ò sọ pé aṣọ náà kì í ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò eré ìje kì í sùn síta n'Íbàdàn lóṣù keje. Òjò á rin aṣọ náà, á mu omi bíi kànrìnkàn, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì máa dípẹtà, ojú ẹnikẹ́ni ò ní tó o.

Mẹkáníìkì mi, àgbàlagbà tó mọ Ìjàpá láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ l'Ékòó ní 1975, kò tilẹ̀ wo páìpù. Ó ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, ó fi ìka tọ etí ibi tí ẹ́ńjìnnì jókòó sí yí ká. "Ọ̀gá oníwèé-ìròyìn, rọ́bà ibí yìí dà?" Rọ́bà yẹn ló ń dí àlàfo tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ara mọ́tò. Tiwa ti jẹrà tán. Atẹ́gùn gbígbóná tó ti jáde sísàlẹ̀ wá ń yọ́ gòkè padà, fáànù tún ń fà á mu. Àfi bí ẹni tó wẹ̀ tán, tó tún gbé omi ìdọ̀tí náà dà sórí! Rọ́bà tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan ni, àmọ́ ó ṣe ju aṣọ Lọ́ńdọ̀nù lọ.

Àpótí irin méjì tún wà lára páìpù èéfín, tí àwọn ará Jámánì ṣe kí ooru lè máa wọ inú mọ́tò nígbà òtútù. Òtútù wo ló ń mú wa níbí? Àwọn kan ń yọ ọ́, wọ́n á fi páìpù lásán rọ́pò rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ dí ihò méjì tó wà lára ilé fáànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, atẹ́gùn tó yẹ kó tu ẹ́ńjìnnì lára á gba ibẹ̀ sá lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń yọ ọ́ tí wọn kì í dí i.

Ṣùgbọ́n ti bíréèkì ló jẹ mí lọ́kàn jù. Màmá wa ń gbé ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ìjàpá yìí ni mo sì fi ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀. Ẹni tó bá mọ òkè ọ̀nà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ. Bíréèkì kì í pa eré mọ́tò rẹ́, ó ń sọ ọ́ di ooru ni. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Díráàmù ló wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tiwa, ooru á há sínú rẹ̀ bí ọbẹ̀ tí a dé ọmọrí lé. Bí irin náà bá gbóná, á fẹ̀, á sún kúrò lọ́dọ̀ láínìn, ẹni tó ń wakọ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ jìnnà. Bíréèkì ọ́ìlì náà ń mu omi látinú atẹ́gùn. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230 °C, ṣùgbọ́n bó bá ti mu omi, ó lè hó ní nǹkan bí 155. Bó bá hó pẹ́nrẹ́n, ẹsẹ̀ á kàn wọlẹ̀ lọ ni, mọ́tò ò ní dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pààrọ̀ tèmi ní ọdún méjì-méjì.

Mo wá kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n gbàgbé aṣọ àti sàlẹ́ńsà, kí wọ́n fi owó náà ra dísíìkì fún ẹsẹ̀ iwájú, nítorí ìta gbangba ni dísíìkì wà, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, àti másítà silíńdà tó bá a mu. Ẹ gbọ́ èsì: "Ṣé o fẹ́ ba mọ́tò Bàbá jẹ́ ni? Bàbá ò lo dísíìkì, wọ́n sì darúgbó." Ẹni tó fẹ́ fi sàlẹ́ńsà aláriwo sí mọ́tò Bàbá ló ń sọ̀rọ̀ yẹn o! Iye tírélà tó wà lójú ọ̀nà nígbà ayé Bàbá ńkọ́?

A ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ní báyìí ná, jíà kejì ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fa mọ́tò sẹ́yìn. Màmá á yíjú sí mi: "Ṣé kò lè sáré mọ́ ni?"

"Ó lè sáré, Màmá. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ tán ná."