Ilẹ̀ Tí Wọ́n Fi Orúkọ Ọmọdé Rà

Lẹ́yìn ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tí a dì ní ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2025, ọmọ àbúrò bàbá mi kan wá kí mi nílé mi ní Oniru. Ó ti di kánsílọ̀ ní kánsù kan tí n kò ní dárúkọ. Inú mi dùn sí i, nítorí èmi ni mo fi pàṣán kọ́ ọ ní ìṣirò. Fọ́ọ̀mù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọwọ́ ìkọ̀wé yín kọ ọ́."

Fọ́ọ̀mù náà kò ṣàjèjì sí mi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà ìjọba, òfin tó de kánsílọ̀ ló de tíṣà. Ó wà nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1979, ó sì tún wà nínú ti ọdún 1999, pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba ka ohun ìní àti gbèsè rẹ̀ nígbà tó bá gba ipò, ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, àti nígbà tó bá ń fi ipò sílẹ̀. Àtí alága kánsù àti òṣìṣẹ́ abẹ́ rẹ̀, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Alùpùpù kan, ilẹ̀ bàbá mi àti gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni èmi kọ nígbà tèmi. Ojú gbèsè náà tì mí púpọ̀.

A kọ mọ́tò, a kọ owó báńkì. Nígbà tí a kan ilẹ̀, ó dákẹ́. Mo sì mọ̀ pé ó ní ilẹ̀ lọ́nà Ajah, èmi ni mo ṣe ẹlẹ́rìí nígbà tó rà á.

Ó rẹ́rìn-ín. "Orúkọ Tóbi ló wà lórí ìyẹn."

Ọmọ ọdún méje ni Tóbi! Mo ṣàlàyé fún un pé bàbá ni yóò ka ohun ìní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, tí kò sì tíì gbéyàwó. Irọ́ níbẹ̀ lè gba ipò lọ́wọ́ ènìyàn, kí ó má sì rí ipò ìjọba mìíràn dì mú fún ọdún mẹ́wàá.

Ó ní, "Owó mímọ́ ni mo fi rà á. Ṣùgbọ́n bí ará àdúgbò bá gbọ́ iye tí ilẹ̀ ń jẹ́ níbí, ta ni yóò gbà mí gbọ́?"

Mo ní, "Bí o kò bá kọ ọ́ nísinsìnyí, tí wọ́n wá rí i lọ́jọ́ tí o ń lọ, kí ni o máa sọ?" Mo rán an létí Ààrẹ Umaru Yar'Adua, tó fi tirẹ̀ han gbogbo ayé ní ọdún 2007.

"Ẹ̀gbọ́n, sójà wà lẹ́nu ọ̀nà Ààrẹ."

N kò rí èsì fọ̀ sí i. Lóòótọ́, òfin sọ pé aráàlú lè yẹ àkọsílẹ̀ wọ̀nyí wò lábẹ́ ìlànà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá ṣe, ṣùgbọ́n àjọ tó ń tọ́jú wọn ti dá àwọn tó béèrè padà, wọ́n ní kò tíì sí ìlànà. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Síbẹ̀ mo sọ ọ́ fún un, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Ó ká fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi gbúròó rẹ̀. Ní alẹ́ Sọ́ńdè kan, ó kan ilẹ̀kùn. Kò jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́."

Mo kọ orúkọ Tóbi, mo kọ iye tó rà á. Ní ọjọ́ kejì ó lọ búra sí i ní ilé-ẹjọ́ gíga. Ìyàwó rẹ̀, tó ń bẹ̀rù olè, kò tíì kí mi dáadáa títí di òní.