Yíyára Nìkan Kọ́ Ló Ń Jẹ́ Iṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn àgbà ló sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ayé ọkọ́ àti àdá ni wọ́n ti pa òwe náà, ṣùgbọ́n ó bá ayé kọ̀ǹpútà mu rẹ́gí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti ọkọ àti aya. Ọ̀rọ̀ mẹ́mórì ni, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí tí kò gùn tó ìdajì rúlà ọmọ iléèwé, tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Nǹkan kékeré yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti àkọ́bí rẹ̀.

Iléèwé girama ni ìwé mi mọ, wọn ò sì kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi àpilẹ̀kọ inú ìwé ìròyìn jẹun kò lè sá fún kọ̀ǹpútà títí ayé. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní ọ̀nà tó jáde ní Adó lọ sí Ìwòròkò, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ń gbà kọjá. Bí àsìkò iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá bá dé, ẹsẹ̀ kì í gbèrò níbẹ̀. "Mọ́mì, tèmi ló kàn!" "Mọ́mì, ẹ dákun, aago méjì ni mo fẹ́ lọ fi sílẹ̀!" Àkọ́bí rẹ̀ ló ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ọmọ náà lọ́wọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò ṣí, tó kàn ń han fìì-fìì-fìì, á yọ mẹ́mórì rẹ̀, á fi írésà nu ẹnu rẹ̀ tó pọ́n bíi góòlù, á tún un kì bọ̀, ó parí.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bó ṣe là á yé mi. Dísíìkì inú kọ̀ǹpútà ni àká, mẹ́mórì ni odó. Iṣu ì báà kún àká títí dé àjà, bí odó bá kéré, ìwọ̀nba ni iyán tí ẹ máa gún lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà tó ní mẹ́mórì díẹ̀ fi máa ń wọ́ bí ìgbín tí ẹ bá ṣí nǹkan mẹ́ta pọ̀.

Inú mẹ́mórì yìí, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ihò tíntìntín ló wà níbẹ̀ tó ń gba iná mọ̀nàmọ́ná sára. Èyí tó níná dúró fún 1, èyí tí kò ní dúró fún 0. Robert Dennard, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní 1968. Nígbà tí Intel gbé èyí tí wọ́n pè ní 1103 jáde ní 1970, ihò 1,024 péré ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò wọ̀nyí ń jò bí ajere. Kí ìdá 64 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ti bu iná kún gbogbo wọn padà. Bí ooru rẹ̀ bá kọjá 85 lórí ìwọ̀n Celsius, jíjò náà á pọ̀ sí i, ó sì di dandan kí ó máa bù ú ní ìlọ́po méjì. Ẹ̀yin náà sì mọ bí ilé páànù ṣe máa ń gbóná l'Ádòó wa yìí ní oṣù kejì sí oṣù kẹta.

Ó wá ku ti eré. Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, mo mọ̀ pé ẹ ti rí i tí èèyàn mẹ́ta ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọmọ odó kan bá ń lọ sókè, òmíràn ń bọ̀ wálẹ̀. Ààyè díẹ̀ wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá dín ààyè náà kù, iyán á tètè kúnná. Bí wọ́n bá wá dín in kù jù, ọmọ odó á gbá ọmọ odó, bí kì í bá ṣe ọwọ́ ẹni tó ń yí iyán. Mẹ́mórì náà nírú ààyè bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 3200 sí lára lè gbé ẹrù ní mílíọ̀nù 3,200 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí nọ́ńbà ìdúró rẹ̀ bá jẹ́ 16, ìdúró yẹn jẹ́ ìdá 10 nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kì í bọ ẹ̀rọ lásán, ó lè máà sá ju 2133 tàbí 2400 lọ, àfi tí ẹ bá wọnú ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà lọ tan ohun tí wọ́n ń pè ní XMP, èyí tí Intel mú wá ní 2007. Fún ọ̀pọ̀ DDR4, iná tó ń jẹ á kúrò ní fóòtì 1.2 lọ sí 1.35.

Èyí tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tí à ń rà, wọ́n ti ti ibẹ̀ pa, ẹ ò lè fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti fowó ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà kan tó ṣí sílẹ̀. Ó tan XMP, ó dé 3200. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tì í dé 3600, kò sì fi kún ìdúró 16 náà, ìyẹn ni pé ìdúró ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 8.9. Ẹ̀rọ ṣí. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, ló bá gbé e síta fún àwọn oníbàárà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fi gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá, orí márùn-ún gbáko. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi pamọ́. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i láti tẹ̀ ẹ́ jáde, kọ̀ǹpútà ní fáìlì ti bàjẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó figbe ta.

Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pè mí. Bí mo ṣe ń wọlé ló ti ń sọ pé, "Àbúrò mi, wá bá mi bi ọmọ yìí, ṣé eré sísá ni mo ní kó máa ṣe fún mi níbí ni, àbí iṣẹ́?"

Ọmọ náà ní, "Àǹkù, ẹ̀rọ yẹn ò ní nǹkan kan. Fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú fláàṣì ẹ̀."

Mo ní kò burú. Bí kò bá ní nǹkan kan, àyẹ̀wò ò lè pa á lára. Ó gbé MemTest86 sórí fláàṣì, ó fi dán mẹ́mórì náà wò. Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá o. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, a tan jẹnẹrétọ̀, a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí aago méjì òru tó lù, àmì pupa ti kún ojú ẹ̀rọ. Ó dá a padà sí 3200, ó tún bẹ̀rẹ̀. Títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹyọ kan ò pupa.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kejì. Orí mẹ́ta ló wà nínú fláàṣì akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ó ń ka orí kẹrin àti ìkarùn-ún jáde látinú ìwé tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwa ń tẹ̀ ẹ́. Ó bá àkókò. Ẹ̀gbọ́n mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ wa sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó bẹ akẹ́kọ̀ọ́ náà pẹ̀lú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àfi kí wọ́n ta ẹ̀rọ náà. Mo ní rárá. Ọmọ yìí ní ọ̀nà kan tó fi jàre. Ẹni tó bá ra mẹ́mórì 3200, kò sí ìdí tí kò fi yẹ kó jẹ 3200 rẹ̀. Mẹ́mórì méjì tó bára mu, tí a kì sí ihò méjì tó yẹ, sàn ju ẹyọ kan lọ, torí ọ̀nà méjì ni ẹrù á máa gbà. Ẹni tó ń ṣe géèmù lórí ẹ̀rọ tí kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀ á sì rí èrè eré mẹ́mórì lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n èwo ni ti ẹni tó ń tẹ lẹ́tà? Ọwọ́ òǹtẹ̀ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń fa ẹsẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe mẹ́mórì.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni pé fáìlì tó kọ̀ tí kò ṣí kọ́ ló burú jù. Ìyẹn jẹ́wọ́. Nínú àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà, ihò kan ṣoṣo ló ya 1 sọ́tọ̀ sí 9. Bí ihò kan bá ṣi iná gbà, 10,000 náírà lè di 90,000, ẹ̀rọ ò sì ní ké. Ìdí nìyí tí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fi máa ń lo mẹ́mórì tó ní ihò 8 àlékún lórí 64 kọ̀ọ̀kan, láti máa ṣọ́ àṣìṣe. Tiwa inú ṣọ́ọ̀bù ò ní olùṣọ́ bẹ́ẹ̀.

Àdéhùn tí a ṣe nìyí: kọ̀ǹpútà oníbàárà ò gbọ́dọ̀ kọjá ohun tí wọ́n kọ sára mẹ́mórì rẹ̀, a ó sì fi òru kan gbáko dán an wò kó tó bọ́ síta. Tirẹ̀ tó wà ní yàrá, kó máa lé e bó ṣe wù ú, bó bá kọ̀ tí kò ṣí mọ́, kó yọ bátìrì kékeré inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á padà sí bó ṣe wà.

Ilé iyì, ilé ẹ̀yẹ ni wọ́n ń pe Èkìtì. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa kì í bi wá pé báwo la ṣe sáré tó. Ohun tó ń fẹ́ ni pé nígbà tó bá padà dé, kó bá ohun tó kọ sílẹ̀ bó ṣe kọ ọ́.